Wọ́n Ní Ìpara Ọwọ́ Mi Ló Ba Ọ̀dà Jẹ́

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀, kí àwọn tó ń ronú iṣẹ́ tí wọ́n máa kọ́ lè rí nǹkan kà. Mo sọ fún wọn pé bó bá jẹ́ ìtàn tí yóò mú orí wọn wú ni wọ́n ń wá, kí wọ́n lọ bá ẹlòmíràn. Tèmi kò dùn. Mọ́tò ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kùn ní Múṣín, mọ́tò àwọn ẹlòmíràn, títí tí àyà mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹwìrì tó ya. Àwọn kan nínú àwọn tí màá dárúkọ ti kú, àwọn kan ṣì wà láyé. N kò ní bo ẹnikẹ́ni láṣìírí. Wọn kò bo tèmi.

Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé ayálégbé kan tó kọjú sí ojú irin. Bàbá mi wà lára àwọn tó ń kun ọkọ̀ ojú irin. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ọ̀dà á ti gbẹ sábẹ́ èékánná rẹ̀, èmi ni màá sì jókòó tì í tí màá máa fi igi ìṣáná yọ ọ́. Ó rán mi níwèé. Mo ka ìwé mẹ́wàá yọrí, mo tún lọ sí ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan ní Yábàá, níbi tí mo ti kọ́ nípa àwọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń pò ó. Gbogbo ẹbí gbà pé tíṣà ni màá dà. Ọjọ́ tí mo sọ fún wọn pé ìdí ọ̀dà mọ́tò ni mò ń lọ, ìyá mi káwọ́ lérí.

"Ṣé ìwé tí mo fi owó ẹja Ọ̀yìngbò rán ẹ nìyí? Kó o lè máa sùn sábẹ́ mọ́tò bíi mẹkáníìkì?"

"Mọ́mì, pẹ́ńtà kì í sùn sábẹ́ mọ́tò."

"Ibo ló ń sùn?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ìgbà ìkẹyìn nìyẹn tí ẹnikẹ́ni fi iṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín tí inú mi dùn sí i.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Lásísì kò gba àlàyé púpọ̀. Ará ilé wa kan mú mi lọ, bàbá mi san owó ìkọ́ṣẹ́, ó parí. Ṣọ́ọ̀bù náà wà ní Múṣín, lẹ́yìn ọjà Ojúwòyè. Páànù ni wọ́n fi yí i ká, ilẹ̀ rẹ̀ sì ní gbogbo àwọ̀ tí ojú lè rí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ọ̀gá, ènìyàn kúkúrú tí ẹ̀rín kì í tètè yọ lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ ọ́ lójú mi pé ohun tó jẹ́ kí òun gbà mí ni pé òun ń wá ẹni tó lè ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo ọ̀dà.

Òfin kìíní nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni ẹ̀gbọ́n. Kò sí ti ọjọ́ orí níbẹ̀. Jímọ̀, ọmọ iṣẹ́ tí mo bá níbẹ̀, kéré sí mi, irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì ju mélòó kan lọ. Síbẹ̀ èmi ni mò ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n Jímọ̀."

"Káàárọ̀, Àǹtí Ìwé. Omi wà nínú kẹ́ẹ̀gì, sáńpépà wà nílẹ̀. Gírámà nìkan la ò ní."

Ó pẹ́ gan-an kí ọwọ́ mi tó kan gọ́ọ̀nù tí a fi ń fọ́n ọ̀dà. Híha ni mò ń ha. A ó fi omi rin sáńpépà, a ó máa fi ha ara mọ́tò, a ó da omi sí i, a ó tún ha á. Awọ ìka mi bó, ó hù, ó tún bó. Bí mo bá rò pé ibì kan ti dán, Ọ̀gá á wá, á di ojú rẹ̀, á sì fi àtẹ́lẹwọ́ rọra rìn lórí irin náà bí ìyá tó ń wá kókó lára ọmọ ọwọ́.

"Fọláṣadé, kí ni mo bá níbí?"

"Kò sí nǹkan kan, sà."

"Fọwọ́ kàn án."

Màá fọwọ́ kàn án. N kò ní mọ nǹkan kan.

"Òkè wà níbẹ̀, kòtò wà níbẹ̀. Gbogbo ìwé tó o kà, òkè ò sí nínú ẹ̀? Padà síbẹ̀rẹ̀."

Mo kórìíra rẹ̀ nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rí òkè àti kòtò, mo sì mọ̀ pé ó fún mi ní nǹkan tí ilé ìwé kankan kò lè fún mi. Èyí ló jẹ́ kí ohun tó ṣe fún mi nígbẹ̀yìn túbọ̀ dùn mí. Bó bá jẹ́ òǹrorò lásán ni, ǹ bá ti gbàgbé rẹ̀.

Òfin kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò gbọdọ̀ sí ọ̀rá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ fọ́n ọ̀dà. Bí òróró tí kò tó ojú abẹ́rẹ́ bá wà lára irin, ọ̀dà tó bá kàn án kò ní dúró níbẹ̀. Á sá, á sì fi ihò róbótó kékeré sílẹ̀ bí ojú ẹja. Nítorí náà, a kì í jẹ àkàrà nínú ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọṣẹ dúdú la fi ń fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Èmi ni Ọ̀gá sì máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò torí pé obìnrin ni mí. Á gbá ọwọ́ mi mú, á gbé e sí imú. Kò pẹ́ tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn tí mo fi jáwọ́ nínú ìpara pátápátá, yálà tòyìnbó tàbí òrí. Bí ọyẹ́ bá mú, gbogbo ara mi á funfun bí ẹni tó bọ́ sínú èlùbọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó ti di tíṣà á pàdé mi lójú ọ̀nà, wọ́n á kí mi, wọ́n á sì tètè mójú kúrò lára mi.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ níbí, nítorí ohun tí àwọn ènìyàn ń bi mí jù ni ìdí tí kíkun mọ́tò àtijọ́ fi ń gbé owó tó bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá gbé mọ́tò ìyá rẹ̀ wá bá mi. Mo dá iye kan. Ó dìde lórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tí èèrà ta.

"Háà! Mọ́mì, ọmọ yín ni mí o. Ṣebí kẹ́ ẹ kàn fọ́n ọ̀dà sí i ni."

Mo mú òòfà kékeré tó máa ń wà lápò mi, mo gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó já bọ́. Mo gbé e lé òkè táyà. Ó já bọ́.

"Irin ló yẹ kó di èyí mú," mo sọ fún un. "Ta ló kùn ún kẹ́yìn?"

"Ẹnì kan ni ní Ṣómólú. Owó ẹ̀ ò pọ̀ rárá."

"Mo rí i. Irin ti jẹra tán lábẹ́, ó wá fi fílà, àpòpọ̀ tó ń le bí amọ̀ gbígbẹ, dí i bí ẹní fi ẹ̀kọ dí ihò ògiri. Fílà lò ń wà kiri láti ọjọ́ yìí, ọmọ mi. Mọ́tò ti lọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Mo sì ṣàlàyé fún un bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin náà. Mọ́tò àtijọ́ dà bí arúgbó tó lọ sọ́dọ̀ dókítà nítorí ikọ́, tí wọ́n wá rí àìsàn mẹ́ta mìíràn lára rẹ̀. A ó kọ́kọ́ yọ iná, rọ́bà, ọwọ́ ilẹ̀kùn àti gíláàsì, nítorí abẹ́ wọn ni ìpẹtà ń sá pamọ́ sí. A ó fọ̀ ọ́ kí gbogbo ọ̀rá kúrò. A ó ha ọ̀dà àtijọ́ náà títí a ó fi kan irin. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí i pé ìpẹtà tó dà bí ojú ewúrẹ́ níta ti fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ nínú. Ẹ ó gé e, wọ́n á jó irin tuntun mọ́ ọn, ẹni tó ń tún ara mọ́tò ṣe á lù ú tọ́. Fílà díẹ̀ á wá tẹ̀ lé e, tí kò nípọn ju èékánná lọ. Híha. Ọ̀dà ìsàlẹ̀. Ẹ ó jẹ́ kó gbẹ dáadáa, òjò Èkó kò sì bìkítà pé oníbàárà ń kánjú. Ẹ ó fọ́n ọ̀dà dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ lé e kí òkè àti kòtò lè yọ síta, ẹ ó tún ha á. Ẹ ó fi ìwé ìròyìn àti tépù bo gbogbo ibi tí ọ̀dà kò gbọ́dọ̀ dé. Ẹ ó wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má bàa gbéra. Lẹ́yìn gbogbo èyí lẹ tó lè ṣí agolo ọ̀dà tí ojú oníbàárà ń wò látìbẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ara híha ni owó ń wọlé sí, ọ̀dà kọ́ ló ń jẹ ẹ́. Bí pẹ́ńtà kan bá dá owó tó kéré gan-an fún yín, ẹ má bi í pé kí ló máa ṣe. Ẹ bi í pé kí ni kò ní ṣe. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ọmọ náà ní òun á lọ rò ó. Ó gbé fílà rẹ̀ lọ, kò padà wá.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Múṣín. Nígbà tó yá, Ọ̀gá fi gọ́ọ̀nù lé mi lọ́wọ́. N kò fi yangàn o, ọwọ́ mi gbọ́. Ọ̀dà mi kì í ṣàn, kì í wú. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé obìnrin yẹn ni kó kun tàwọn. Jímọ̀ gbọ́, kò wí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó dẹ́kun àti máa bá mi ṣeré.

Lákòókò yẹn ni Ọ̀gá gba ilẹ̀ kan ní Sùúrùlérè láti fi ṣe ṣọ́ọ̀bù kejì. Etí títì ni, kọnkéré wà nílẹ̀, òrùlé wà lórí rẹ̀. Gbogbo wa ló ń lá àlá rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ó kó wa jọ.

"Dókítà kan láti Ìdí-Àràbà ń gbé mọ́tò ẹ̀ bọ̀," ó ní. "Ó ti gbó, ó sì fẹ́ kó funfun bí ọjọ́ tó rà á. Bó bá dáa, àwọn dókítà ẹgbẹ́ ẹ̀ á tẹ̀ lé e wá. Fọláṣadé ni yóò kùn ún látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bó bá jáde láìlábùkù, òun ni n ó fi ṣọ́ọ̀bù Sùúrùlérè lé lọ́wọ́."

Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Obìnrin wo ló ń darí ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà nígbà yẹn? Jímọ̀ ló fà mí dìde. "Oríire o, Àǹtí Ìwé. Tẹ́ ẹ bá dé Sùúrùlérè, ẹ má gbàgbé àwa tálákà o." Ó ń fi tipátipá rẹ́rìn-ín.

Mo ṣe mọ́tò yẹn bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi ha á. Mo di ojú, mo fi àtẹ́lẹwọ́ rìn lórí rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ọwọ́ mi kò rí òkè, kò rí kòtò. Ọ̀gá náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kàn ní, "Hẹn." Ẹ̀yin ò mọ ohun tí "Hẹn" Ọ̀gá Lásísì tó.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù tí kì í ṣe tèmi. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún gọ́ọ̀nù ní afẹ́fẹ́, máa ń kó omi àti òróró jọ sínú ikùn rẹ̀ mọ́jú. A gbọ́dọ̀ ṣí ìdí rẹ̀ láràárọ̀, kí a tú gbogbo rẹ̀ dànù títí afẹ́fẹ́ gbígbẹ nìkan yóò fi máa jáde. Ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń ṣe é. Ọ̀gá kò gbà kí àbúrò fọwọ́ kàn án. Jímọ̀ ló ni ín.

"Ẹ̀gbọ́n Jímọ̀, ẹ ti tú u?"

"Ṣé o ti fẹ́ máa kọ́ mi níṣẹ́ ni? Sùúrùlérè ò tíì dọ́wọ́ ẹ o. Gba gọ́ọ̀nù ẹ, jàre."

Mo gbà á. Mo bẹ̀rẹ̀ láti òrùlé. Ọ̀dà jókòó bíi wàrà. Mo dé iwájú, lórí ẹ́ńjìnnì, kí n sì tó dé etí kejì, ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ojú ẹja kan là, òmíràn là lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dà bí iyẹ̀pẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán sí. Mo gbójú sókè wo òrùlé tí mo ti ṣe tán. Ibẹ̀ náà ti ń là.

"Ta ló fọwọ́ ọ̀rá kan mọ́tò yìí?" Ohùn Ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ wó páànù.

Kí n tó lanu, Jímọ̀ ti dá a lóhùn. "Ọ̀gá, mi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá o. Àmọ́ obìnrin lobìnrin ń jẹ́. Mo rí i láàárọ̀ níbi tó ti ń pa ìpara lẹ́yìn páànù."

Ìpara! Èmi tí ẹsẹ̀ mi ti là bí èèpo igi nítorí òfin ṣọ́ọ̀bù yẹn. Mo na ọwọ́ mi méjèèjì sí Ọ̀gá pé kó gbọ́ òórùn wọn bó ti ń ṣe lọ́jọ́ ọ̀dà. Ọjọ́ yẹn nìkan ni kò gbọ́ ọ. Ó yíjú sápá kan.

Dókítà dé nírọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ ìpara ni wọ́n fi pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo mọ́tò, ó wo ọwọ́ mi. "Ẹ̀yin náà lẹ gbé e fún obìnrin," ló sọ fún Ọ̀gá, ó sì ní kí wọ́n wá fà á lọ síbòmíràn. Ọkùnrin tó kàwé dójú àmì, tí kì í fún aláìsàn lóògùn láìbéèrè ọ̀rọ̀, kò bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo na gèlè mi funfun sára páànù, mo sì fi gọ́ọ̀nù tí kò sí ọ̀dà nínú rẹ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ lásán sí i. Òróró ta sí i ní tótòtó, ó pọ́n bí pupa ẹyin adìyẹ. Mo gbé e lọ bá Ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ìpara ọwọ́ á wà níbi tí ọwọ́ bá kàn nìkan ni. Ojú ẹja yẹn wà káàkiri, ó wà lórí ìwé ìròyìn tí mo fi bo gíláàsì pàápàá. Inú afẹ́fẹ́ ló ti wá. Wọn ò tú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀."

Ó wo gèlè náà. Ó ká a, ó rọra dá a padà fún mi.

"Mo ti mọ̀ látàná," ó ní.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀.

"Jímọ̀ ni yóò fẹ́ Sìkírá. A ti fi ọ̀rọ̀ sí i." Sìkírá yìí ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un. "Mi ò lè jẹ́ kí ayé gbọ́ pé ọkọ tí mo fún ọmọ mi ò mọṣẹ́. Ìwọ ní ìwé, Fọláṣadé. Ibi yòówù kó o lọ, o ó rí jẹ. Dákẹ́ fún mi. N ó ṣe fírídọ̀mù ẹ, n ó súre fún ẹ."

Mo dákẹ́. Ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọ̀gá ṣe fírídọ̀mù fún mi lóòótọ́, ó gbọ́wọ́ lé mi lórí lójú gbogbo ènìyàn, ó tú mi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́ tó ti yege. Jímọ̀ gba Sìkírá, ó gba Sùúrùlérè. Orúkọ tuntun ni mo gbà. Àǹtí Ìpara.

Ẹ má fojú kékeré wo orúkọ. Mo yá igun kan ní Múṣín, mo kọ orúkọ mi síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn Jímọ̀ ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi. Oníbàárà á yọjú, á ní, "Ṣé ẹ̀yin ni Àǹtí Ìpara? Ẹ jẹ́ n rọ́wọ́ yín ná." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní àwàdà ni. Àwọn tó ní mọ́tò gidi á kọjá lọ sí Sùúrùlérè. Àwọn tí Jímọ̀ ti lé nítorí pé owó wọn kéré ló ń yà sọ́dọ̀ mi. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn pẹ́ńtà, ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí, bí mo bá sì nawọ́ láti sọ̀rọ̀, ẹnì kan á ké láti iwájú pé, "Ẹ fọ ọwọ́ yẹn kẹ́ ẹ tó nà án o!" Gbogbo ilé á hó. Jímọ̀ á wà níbẹ̀, á máa wo ilẹ̀.

Mo lọ́kọ. Bàbá Tóbi ní òórùn tínà tí a fi ń po ọ̀dà kò jẹ́ kí òun rí oorun sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì wá ibi tó ti lè sùn. Ọmọ kan tó fi sílẹ̀ fún mi ni mo fi iṣẹ́ yìí tọ́. Ó gboyè, kò sì jẹ́ sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ohun tí ìyá rẹ̀ ń ṣe. Tóbi, bó o bá ń ka èyí, mo mọ̀.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Ọ̀dà ayé àtijọ́ máa ń yára gbẹ, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ dán an títí apá yóò fi fẹ́ já. Èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ní oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ ọn kó lè le, ó ń dán fúnra rẹ̀, ó sì ń pa àyà ènìyàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Áńkáṣíìfù la fi ń di imú. Bí a bá ṣe tán, Ọ̀gá á ra mílíìkì inú agolo fún wa, á ní yóò fọ ọ̀dà kúrò láyà wa. A gbà á gbọ́. Dókítà tó ń wo àyà mi nísinsìnyí ní mílíìkì kì í dé ibi tí ọ̀dà lọ. Lónìí, ẹ̀rọ ló ń wo àwọ̀ mọ́tò tó ń sọ bí wọ́n á ṣe pò ó, wọ́n sì ń gbé mọ́tò sínú yàrá gbígbóná bí ẹní ń yan búrẹ́dì. Ó dáa. N kò ní purọ́ pé tiwa dáa jù ú lọ. Ohun tí ẹ̀rọ kò tíì lè ṣe ni híha, àwọn ọ̀dọ́ kò sì fẹ́ ha.

Ọ̀gá Lásísì kú. Wọ́n ti sin ín kí n tó gbọ́. Mo kúrò nídìí iṣẹ́ nígbà tí ikọ́ kò jẹ́ kí n lè di gọ́ọ̀nù mú láìgbọ̀n. Mo rò pé ó ti parí.

Ní àìpẹ́ yìí, Jímọ̀ wá sílé mi. Ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ bó ṣe máa kí mi.

"Ẹ kúulé o, Ìyá Tóbi."

"Ẹ̀gbọ́n Jímọ̀. Ẹ wọlé. Gírámà nìkan la ò ní."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó jókòó. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ìjàpá kan tí Ọ̀gá Lásísì fi sílẹ̀ fún Sìkírá ló bá wá. Ó ti pẹ́ lábẹ́ tapólì, ìpẹtà ti ń jẹ ẹ́, Sìkírá sì fẹ́ kí wọ́n tún un kùn kó tó di pé ó wó tán.

"Ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní ẹ̀rọ, ẹ lọ́mọ iṣẹ́," mo ní. "Kí lẹ wá wá sọ́dọ̀ mi?"

"Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ mi kankan má fọwọ́ kàn án. Ìwọ ló ń fẹ́. Ó ní bàbá òun sọ fún òun kó tó kú pé nínú gbogbo wa, ìwọ lọwọ́ ẹ dáa jù."

Ó sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀. Nínú yàrá. Nígbà tó ń kú lọ. Kò sọ ọ́ fún dókítà, kò sọ ọ́ fún ẹgbẹ́, kò sọ ọ́ fún mi. Mo jókòó síbẹ̀, n kò mọ̀ bóyá ẹkún ni mo fẹ́ sun tàbí kí n gbá Jímọ̀ létí.

"Ẹ ó ra ohun èlò," mo sọ nígbẹ̀yìn. "Ti owó iṣẹ́, n kò gba kọ́bọ̀. Ẹ ó dìde nípàdé ẹgbẹ́, ẹ ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mọ́tò dókítà."

Ó tẹ orí ba. "Ṣadé, ó ti pẹ́."

"Lára yín ló ti pẹ́."

Ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó lọ. Nígbà tó yá, ó ránṣẹ́ pé òun gbà, wọ́n sì fa ìjàpá náà wá. Mo ha á fúnra mi. Mo máa ń jókòó sórí àpótí, mo ha díẹ̀, mo húkọ́, mo tún ha. Wọ́n bá mi gé ibi tó jẹra, wọ́n bá mi jó o pọ̀. Nígbà tí mo fi àtẹ́lẹwọ́ rìn lórí rẹ̀ tí mo di ojú, n kò rí kòtò kankan. Lọ́jọ́ ọ̀dà, mo fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún ró kí gọ́ọ̀nù má bàa gbọ̀n. N kò kun mọ́tò dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Sìkírá wá, ó fọwọ́ kàn án, ó sunkún. Èmi kò sunkún. Ìpàdé ni mò ń dúró dè.

Ẹ̀yin tó ń wá iṣẹ́, ohun tí mo ní fún yín nìyí. Ẹ kọ́ iṣẹ́ tó bá wù yín, bó jẹ́ ọ̀dà, bó jẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ fara da ọ̀gá tó le. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá purọ́ mọ́ ọ nídìí iṣẹ́ rẹ, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó o pariwo, kódà bí ọ̀gá bá fi ìre bẹ̀ ọ́. Má ṣe tọ́jú òótọ́ pa mọ́ de ọ̀la. Èmi tọ́jú tèmi, ẹ sì wá gbọ́ bó ṣe já sí.

Mo wọ aṣọ tó dáa lọ sí ìpàdé náà, mo sì jókòó sẹ́yìn níbi tí mo máa ń jókòó sí. Ilé kún. Àwọn ọ̀dọ́ pọ̀, fóònù lọ́wọ́ wọn. Alága, ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò tíì fẹ́ ìyá rẹ̀ nígbà ayé mọ́tò dókítà, ní Bàbá Jímọ̀ lọ́rọ̀ díẹ̀ láti sọ. Jímọ̀ fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde.

"Nígbà tí a wà lọ́dọ̀ Ọ̀gá Lásísì," ó bẹ̀rẹ̀, "ọ̀dà mọ́tò kan bà jẹ́. Mo ní ìpara ọwọ́ obìnrin kan ló bà á jẹ́. Irọ́ ni. Kì í pa ìpara. Èmi ni mi ò tú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mi ò mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é. Mo gbàgbé ni. Ọ̀dọ̀ Sìkírá ni ọkàn mi wà. Nígbà tí mo rí i tí ọ̀dà ń là, ẹ̀rù bà mí, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni mo sọ."

Ó gbàgbé. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi rò pé ó jókòó, ó gbèrò, ó dẹ pańpẹ́ fún mi. Mo ti fi ìkórìíra kọ́ ilé ńlá kan fún un, kò sì fìgbà kan gbé inú rẹ̀.

Mo dúró kí ilé náà mì tìtì. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín níwájú. "Ìpara kẹ̀! Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ́jọ́ o." Gbogbo àwọn tó máa ń hó lé mi lórí níbẹ̀ ti kú tán, tàbí kí wọ́n ti padà sílùú wọn. Níwájú mi gan-an, ọ̀dọ́ kan fẹnu sétí ẹnì kejì rẹ̀.

"Obìnrin wo ni wọ́n ń sọ?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Bóyá ó ti kú."

Alága ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Bàbá. Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ẹ ṣé o, Bàbá. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn fún gbogbo wa: ẹ máa tú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yín láràárọ̀. Ó yá, ohun tó kàn ni ọ̀rọ̀ gọ́tà tó dí níwájú ṣọ́ọ̀bù."

Gọ́tà yẹn ká wọn lára gan-an. Wọ́n dìde, wọ́n jókòó, wọ́n na ìka síra wọn. Mo jókòó títí wọ́n fi yanjú rẹ̀.